Ẹ yan balógun kí ẹ tó wọ ogun

Ìṣòro yín yé mi dáadáa. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ ń gbá Age of Empires II, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra nínú yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pàdé ẹgbẹ́ mẹ́rin mìíràn, wọ́n á tú yín ká kí ìdajì wákàtí tó pé. Ohun tó ṣe àwa náà fún ọ̀pọ̀ oṣù nìyẹn.

A rò pé ọwọ́ tó yá ló kù fún wa. Olúkúlùkù lọ ń dánra wò, síbẹ̀ ìyà náà kò kúrò. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ojú mi là. Tafàtafà mi bí ogójì wà lẹ́bàá igbó, wọ́n ń bá ti ọ̀tá tafà síra wọn, mo sì ti ń borí díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan nínú wa pariwo pé, "Wọlé! Wọlé!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ padà sẹ́yìn!" Mo wọlé. Ẹni tó ní mangonel, ẹ̀rọ ogun tó ń ju òkò, lẹ́yìn mi rò pé mo ti padà, ó sọ òkò sáàárín wọn. Òkò mangonel kò mọ ará ilé. Ọmọ ogun tiwa náà ni yóò pa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sọ ọ́, tafàtafà mi tán. Àṣẹ méjì ló pa wá lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà la ti ń yan balógun kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ipò náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wa, flank (ẹ̀gbẹ́ ìta tó kọjú sí ọ̀tá) ló máa ń wà, ọ̀tá kì í jẹ́ kó sinmi. Ẹni tí wọ́n ń lé àwọn villager (òṣìṣẹ́) rẹ̀ kiri kò lè máa ṣọ́ gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó wà ní pocket, ìyẹn àárín, tí ọ̀tá kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló ráyè wo minimap (àwòrán kékeré tó ń fi gbogbo ilẹ̀ hàn), ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ló sì lè sáré dé ọ̀tún tàbí òsì. Kí òun máa pàṣẹ lórí ohun mẹ́ta péré: ibi tí ẹlẹ́ṣin ń lọ, ìgbà tí gbogbo yín máa jùmọ̀ kọlù wọ́n, àti ẹni tí ẹ máa fi wúrà tàbí oúnjẹ ránṣẹ́ sí. Bí àwọn tó wà ní flank ṣe ń ja ìjà ọ̀dọ̀ wọn, kí ó fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ló ń rí i lójúkojú.

Ní ti ìfiránṣẹ́, ẹ tètè ṣe é. Géèmù ń gba 30 lórí 100 bí owó ibodè. Coinage àti Banking jẹ́ ìmọ̀ tí ẹ ń rà ní Market: Coinage á sọ ọ́ di 20, Banking á mú un kúrò pátápátá. Síbẹ̀, díẹ̀ tó dé kí ògiri tó wó ló wúlò.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà sọ̀rọ̀ ló ká mi lára jù. "Ẹ gbà mí o" kò sọ nǹkankan fún balógun. Ẹ sọ ibi, iye àti irú: "Òsì, ẹlẹ́ṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti dé ìdí igi," kí ẹ sì tẹ flare (àmì tó ń tàn lórí minimap) síbẹ̀. Kí balógun dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Mò ń bọ̀," tàbí "Mi ò lè dé, padà sẹ́yìn." Èsì kejì yẹn máa ń dunni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ kò bọ̀ yóò tètè kó àwọn villager rẹ̀ wọ inú Town Center (ilé ńlá àárín ìlú).

Lójú ogun, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ń ta ọfà láti òkè, ìpalára rẹ̀ á fi ìdá 25 nínú 100 lé sí i. Ti ẹni ìsàlẹ̀ á sì dín ní iye kan náà. Bí ẹ bá ti gba òkè, ẹ fi tafàtafà sí stand ground (àṣẹ pé kí wọ́n má kúrò lójú kan), kí ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo má baà tàn wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ẹ gbá tó ìgbà mẹ́wàá pẹ̀lú balógun kan náà kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa jọ wo recorded game yín, ìyẹn géèmù tí ẹ ti gbá tó wà nípamọ́. Nínú èyí tí àwa kọ́kọ́ wò, ẹlẹ́ṣin ogún ló dúró gbagidi láàárín fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, tí ilé mi ń jó lápá òsì, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀.