Mo ti yege FRCR: ṣé ó tó láti di kọ́ńsọ́tántì nílùú ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo ti ń ka fọ́tò X-ray àti CT láti ọdún mẹ́jọ. Mo ti gba fellowship ti National Postgraduate Medical College, mo sì ti yege FRCR, ìdánwò Royal College of Radiologists nílùú ọba fún àwa dókítà tó ń ka fọ́tò inú ara. Ṣé GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀, á fi orúkọ mi sínú Specialist Register, ìwé orúkọ àwọn dókítà onímọ̀ àkànṣe, báyìí, àbí kí n tún ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun ni?

Ìdáhùn: Dókítà, ẹ kú oríire. Mo mọ ohun tójú ń rí kéèyàn tó gba FRCR. Àmọ́ kò tó. Ó lè yọ yín nínú PLAB, ìdánwò tí GMC ń ṣe fún dókítà tó kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, kí ẹ wá fi IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, tì í, 7.5 lápapọ̀, 7 ó kéré tán ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ iṣẹ́ lèyí ń fún yín, ẹ lè fi ṣe specialty doctor, dókítà ẹ̀ka tí kì í ṣe kọ́ńsọ́tántì. Ti kọ́ńsọ́tántì tòótọ́ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, yàtọ̀: láti January 1997, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú Specialist Register.

Ẹ ò ní tún ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ọ̀nà yín ni Portfolio Pathway, tí wọ́n ń pè ní CESR títí di November 2023. Tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀kọ́ yín bá ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbí dọ́gba. Ní báyìí, ìmọ̀, òye iṣẹ́ àti ìrírí tó yẹ kọ́ńsọ́tántì ni wọ́n ń wá. FRCR á gbẹnu sọ fún ìmọ̀ yín. Ìwé ló máa sọ ìyókù: logbook (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe), ripọ́ọ̀tù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, audit (àyẹ̀wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí), ìpàdé pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ, ẹ̀rí àwọn ọ̀gá. Royal College of Radiologists á yẹ̀ ẹ́ wò, á gba GMC nímọ̀ràn, GMC á sì dájọ́.

Ibi tó ti ń há àwa ará ilé ni pé gbogbo ẹ̀ka ni wọ́n fẹ́ rí. Ọwọ́ wa dá ṣáṣá nídìí ultrasound, ṣùgbọ́n bí MRI ọsibítù yín bá ti dákú láti oṣù mẹ́fà, níbo lẹ ti fẹ́ rí ripọ́ọ̀tù rẹ̀ kó jọ? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́kọ́ ṣe specialty doctor, tá a ń fi dí àlàfo.

Orúkọ aláìsàn kankan ò gbọ́dọ̀ hàn o. Máákà dúdú ni mo fi pa tèmi rẹ́. Mo gbé ìwé kan sójú fèrèsé, àfi bí orúkọ ìyá àgbà kan ṣe ń wò mí lábẹ́ yíǹkì, tòun ti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀! Bẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ má tíì kúrò n'Íbàdàn kí ọ̀gá yín tó buwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá tèmi ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mo rántí. Abúlé rẹ̀ ni mo lọ bá a. Ìwé good standing, tó ń jẹ́rìí pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, láti MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso dókítà ní Nàìjíríà, ni kẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn, torí oṣù mẹ́ta péré ló fi ń ṣiṣẹ́.