Ṣé ká fi Black tún gbogbo kóòdù wa tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Sọ́fítíwíà kan wà tí èmi àti àwọn mìíràn jọ ń tọ́jú. Python la fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá sí i. Àwọn tó ti fọwọ́ kàn án pọ̀, kálukú ló sì ń to kóòdù bó ṣe wù ú. Ẹnì kan láàárín wa ní ká fi Black, irinṣẹ́ tó máa ń to kóòdù Python fúnra rẹ̀, tún gbogbo rẹ̀ tò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn fárígá. Ó ní git blame (àṣẹ git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn) máa bàjẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe àtúntò ló máa wà lórí gbogbo ìlà, àti pé àwọn pull request (àtúnṣe tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ pé ká gbà wọlé) tó wà nílẹ̀ kò ní ṣeé dàpọ̀ mọ́. Ó ní ká máa to fáìlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ bá gbé wa débẹ̀. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù tó ń ba ẹnìkejì yín kì í ṣe àsọdùn, àmọ́ ọ̀nà tó dábàá gan-an ló máa mú un ṣẹ.

Ká ní ẹnì kan rí àṣìṣe nínú fáìlì tó gùn tó 600 ìlà. Ìlà mẹ́ta péré ló nílò àtúnṣe. Ó tún wọn ṣe, ó sì ní kí Black to fáìlì náà. Ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò á wá bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà tó pupa àtèyí tó ní àwọ̀ ewé, ìlà mẹ́ta tó ṣe kókó á sì ti sọnù sáàárín wọn. Báyìí ni àṣìṣe tuntun ṣe ń yọ́ wọlé lójú gbogbo èèyàn. Bó bá wá di ọ̀la tí ẹ fẹ́ kí git blame fo commit náà (àkójọ àtúnṣe tí git fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan), kò ní ṣeé ṣe, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ti lọ́ mọ́ iṣẹ́ Black nínú rẹ̀. Commit tó bá jẹ́ ti Black nìkan la lè fò láìpàdánù ohunkóhun. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe Django, ohun èlò Python tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, ṣe ṣe tiwọn. Ọdún 2019 ni wọ́n ti fẹnu kò pé Black làwọn máa lò, ó wà nínú ìwé tí wọ́n pè ní DEP 8. Síbẹ̀ wọn ò kánjú. Wọ́n dúró títí Black fi kúrò ní beta (ìpele ìdánwò) ní Oṣù Kìíní ọdún 2022, pẹ̀lú ẹ̀dà 22.1.0. Oṣù Kejì ni wọ́n wá ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì pín in sí commit ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì 33476. Nínú commit àkọ́kọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi tún àwọn ibi tó lè fa wàhálà ṣe kí Black tó débẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, Black nìkan ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fọwọ́ gé àwọn ìlà tó ṣì gùn ju lẹ́tà 88 lọ, nítorí Black kì í gé ọ̀rọ̀ gígùn tó wà nínú àmì àyọlò, kì í sì í gé àlàyé tó wà lẹ́yìn àmì #. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí pé ṣáájú ìgbà yẹn, Django fàyè gba ìlà tó gùn tó lẹ́tà 119.

Ní ti pé ṣé kò ní ba kóòdù jẹ́, ẹ wo ìlà yìí:

title = models.CharField(max_length = 200, default = '')

Black á sọ ọ́ di:

title = models.CharField(max_length=200, default="")

Àlàfo tó wà lọ́tùn-ún lósì àmì ìdọ́gba ti lọ, àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan sì ti di oníméjì. Lójú Python, nǹkan kan náà ni méjèèjì. Black fúnra rẹ̀ tún máa ń yẹ èyí wò: á tú kóòdù àtijọ́ àti tuntun sí AST (bí Python ṣe lóye kóòdù náà), á fi wọ́n wé ara wọn, bí wọn ò bá sì dọ́gba, kò ní fọwọ́ kan fáìlì náà. Síbẹ̀, ẹ run gbogbo test yín lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni # noqa, àmì tó ń sọ fún flake8 (irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú kóòdù) pé kó fojú fo ìlà kan. Orí ìlà tó bá wà nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Bí Black bá pín ìlà náà sí mẹ́rin, # noqa lè bọ́ sórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, flake8 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Irú nǹkan báyìí ni kí ẹ tún ṣe nínú commit àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní tábìlì nọ́ńbà tí ẹ dìídì tò kó lè ṣeé kà, ẹ fi # fmt: off sókè rẹ̀ àti # fmt: on sísàlẹ̀, Black á fi í sílẹ̀.

Ó wá ku git blame. Láti Git 2.23, tó jáde ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, git ti lè fo àwọn commit tí ẹ bá kọ sínú fáìlì kan. Ẹ pe fáìlì náà ní .git-blame-ignore-revs, ẹ kọ hash (àmì ìdánimọ̀) commit àtúntò sínú rẹ̀, kí kálukú sì run èyí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀:

git config blame.ignoreRevsFile .git-blame-ignore-revs

GitHub máa ń ka fáìlì náà fúnra rẹ̀ bó bá wà ní ìpìlẹ̀ repo (àpótí kóòdù) yín. Odindi hash ni kí ẹ kọ, gbogbo lẹ́tà 40 rẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Ìgbà tí commit náà bá sì ti wọ main (ẹ̀ka àgbà kóòdù yín) tán ni kí ẹ tó kọ ọ́, nínú commit mìíràn, torí squash àti rebase (ọ̀nà tí git fi ń pa commit pọ̀ tàbí tún wọn kọ) máa ń yí hash padà. Mi ò ní tàn yín: níbi tí ìlà kan bá ti di mẹ́rin, git máa ń méfò ni, ó sì lè ṣì í. Àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ ìlà, orúkọ ẹni tó kọ kóòdù náà gangan lẹ máa rí.

Àwọn pull request tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ mú ní sùúrù, torí àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ ò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ kéde ọjọ́ náà ṣáájú, ẹ dàpọ̀ èyí tó bá ti tó, ẹ sì kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Kí wọ́n kọ́kọ́ merge (dàpọ̀) commit tó ṣáájú àtúntò sínú branch (ẹ̀ka) wọn, kí wọ́n run Black lórí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà kan náà tí ẹ lò, kí wọ́n sì commit. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi git merge -s ours, tó ń fi kóòdù tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà, mú commit àtúntò wọlé. Commit yẹn gan-an ni o, kì í ṣe main! Bí wọ́n bá lo -s ours fún main, iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe lẹ́yìn àtúntò máa pòórá láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nítorí ìgbésẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí pyproject.toml tó ní ìlànà Black ti wà nílẹ̀ nínú commit tó ṣáájú.

Kò sẹ́ni tó lè fojú ka commit tó kan gbogbo fáìlì, ibẹ̀ sì ni ọ̀dàlẹ̀ lè fi nǹkan pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́dọ̀ kà á, kó tún un ṣe ni. Kó bọ́ sórí commit tó ṣáájú, kó run ẹ̀dà Black kan náà, kó sì fi git diff wé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí nǹkan kan bá jáde, kó dá a padà.

Lẹ́yìn àtúntò, ẹ fi black --check . sínú CI (ètò tó ń yẹ kóòdù tuntun wò fúnra rẹ̀), kí ẹ sì so ẹ̀dà kan pàtó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ àti nínú pre-commit (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò kí commit tó wáyé). Ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde nínú ọdún ni Black máa ń yí ìlànà rẹ̀ padà sí, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ máa tún èyí gbé yẹ̀ wò. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ọmọ tó fi pull request àkọ́kọ́ ránṣẹ́, tí àwọn àgbà wá ń bá a wí lórí àlàfo àti kọ́mà, kì í sábà padà wá. Bí Black bá ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa, ohun tí kóòdù rẹ̀ ń ṣe la máa bá a sọ.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n yí ìmọ̀ràn mi padà. Kernel Linux, ìpìlẹ̀ ètò Linux, ti ní fáìlì .clang-format (ìlànà fún irinṣẹ́ tó ń to kóòdù C bí Black ṣe ń to ti Python) láti ọdún 2018, síbẹ̀ wọn ò fi tún gbogbo kóòdù wọn tò. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń gbé àtúnṣe lọ síbẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, patch (àtúnṣe) tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìta náà ò lóǹkà, bí main bá sì yàtọ̀ sí wọn, gbogbo àtúnṣe á máa forí gbárí. Bí ẹ̀yin náà bá ní ẹ̀dà àtijọ́ kan tàbí méjì tí ẹ ṣì ń tọ́jú, ẹ fi Black kan náà tò wọ́n lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú main, kí cherry-pick (gbígbé commit kan láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn) lè máa wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀ débi pé ìyẹn ò ṣeé ṣe, ẹ dúró kí ọjọ́ ẹ̀dà tó pẹ́ jù kọjá ná.