Mo fẹ́ di data engineer: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé ni mí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn. Mo mọ Excel dáadáa, mo sì ti ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, láti bí oṣù mẹ́fà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀ka wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fi fáìlì owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo kọ kóòdù kékeré kan tó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú PostgreSQL, ètò tí mo fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà (database). Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ nígbà tí kóòdù náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí iná dé, mo tún un ṣe, ni owó àwọn kan bá di ìlọ́po méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tí n kò bá tíì mọ Spark àti Kafka, n kò lè pe ara mi ní data engineer. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn gan-an ni iṣẹ́ àwa data engineer: ká gbé dátà láti ibi kan dé ibòmíràn kó má sọnù, kó má sì di méjì. Bí o bá lè tún un ṣe, tí o sì lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn bí o ṣe tún un ṣe, o ti wọ ẹnu ọ̀nà.

Spark lè dúró. Dátà tí kọ̀ǹpútà kan kò lè dá gbé, tó di dandan kí a pín in fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ṣe é fún. Ní ti Kafka, tó ń gba dátà tó ń ṣàn wọlé láìdáwọ́ dúró, ilé iṣẹ́ LinkedIn ni wọ́n ti ṣe é, nítorí ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ wọn kì í dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ yín tó 2,000, tí gbogbo wọn sì ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà 104,000 ni lọ́dún. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín á kà á tán kí o tó ṣẹ́jú.

Jẹ́ ká padà sórí iná tó lọ. Kí n tó kọ kóòdù kankan, mo máa ń bi ara mi pé: bí èyí bá já lágbedeméjì, ṣé mo lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ohunkóhun má bàjẹ́? Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fi ìlà kún ìlà ni, kò wò ó bóyá òun ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí o sọ fún database pé orúkọ ẹ̀ka àti nọ́ńbà rìsíìtì papọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá fi ON CONFLICT DO NOTHING (bó bá ti wà, fò ó) sí ìdí INSERT rẹ, àṣẹ tó ń kọ ìlà sínú database. Èkejì ni kí o pa gbogbo ìlà ọ̀sẹ̀ yẹn rẹ́ fún ẹ̀ka yẹn, kí o sì kọ ọ́ tuntun láti inú fáìlì, kí méjèèjì wà nínú transaction kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé bí gbogbo rẹ̀ kò bá parí, ìkankan kò ní dúró. Bí iná bá lọ láàárín, database á padà sí bó ṣe wà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni mo fọwọ́ sí fún ọ, nítorí mo mọ bí ẹ̀ka ṣe ń ṣe. Wọ́n á fi fáìlì ránṣẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo tàárọ̀ mọ́, èyí ni kẹ́ ẹ lò." Bó bá jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ lo ń lò, database á rí i pé rìsíìtì náà ti wà, á fojú fo àtúnṣe náà, iye tí kò tọ̀nà á sì jókòó síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, má yọ òfin rìsíìtì yẹn kúrò, ON CONFLICT nìkan ni kí o yọ. Bí rìsíìtì kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì nínú fáìlì kan, o fẹ́ kí kóòdù náà dúró kó pariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù, irú kóòdù yìí ló jẹ́ ká san owó ọ̀sẹ̀ kan fún àwọn awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ní láti gba owó náà padà lọ́wọ́ àwọn tó ti fi san owó ilé ìwé ọmọ wọn. N kò gbàgbé ojú wọn.

Fáìlì tí ẹ̀ka fi ránṣẹ́, tọ́jú rẹ̀ bó ṣe dé, sínú fódà tó ní ọjọ́ lórí. Má ṣí i nínú Excel kí o sì tún un fi pamọ́. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 lè di 803, nítorí Excel gbà pé òǹkà ni. Fóònù àti nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń rò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ (text) ni kí o kọ wọ́n. Kóbọ̀ ni kí o fi ka owó, láìsí àmì dẹ́símà: bi Python ní 0.1 + 0.2, yóò dá ọ lóhùn pé 0.30000000000000004.

Lẹ́yìn náà, máa kà á. Ìlà mélòó ló wà nínú fáìlì, mélòó ló dé database, èló ni àpapọ̀ owó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún? Bí wọn kò bá dọ́gba, kí kóòdù dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, àjọ Public Health England pàdánù orúkọ 15,841 ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà, nítorí irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìyókù kò wọlé, àwọn tó sì ti sún mọ́ àwọn aláìsàn náà kò tètè gbọ́.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá gan-an, orúkọ wa. Ẹ̀ka kan á kọ Adébáyọ̀, òmíràn á kọ Adebayo. Kódà bí àwọn méjèèjì bá fi àmì sí i, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ tí a gbé àmì òkè lé lórí, tàbí gẹ́gẹ́ bí é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú Python, fi unicodedata.normalize("NFC", orúkọ) sọ wọ́n di irú kan. Ṣùgbọ́n má bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tó ni orúkọ ló ni àmì rẹ̀. Bí o bá nílò èyí tí kò ní àmì fún wíwá kiri, ṣí òpó (column) mìíràn fún un. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí o sì fi so tábìlì pọ̀ mọ́ tábìlì, má fi orúkọ so ó.

Ní ti kíkọ́, SQL, èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀, ni kí o wọ̀ lọ jìnnà nísinsìnyí: JOIN (síso tábìlì pọ̀), GROUP BY (kíkó ìlà jọ ní ìsọ̀rí), window function (ìṣirò lórí àwọn ìlà láìpa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan). Kọ́ Git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, àti cron, tó ń mú kóòdù ṣiṣẹ́ ní àkókò tí o bá yàn, lé e. Nígbà tí o bá ń wáṣẹ́, iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni kí o fi hàn wọ́n, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá. Àmọ́ orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ọdún 2023 kò fàyè gba kí o máa pín in kiri, wọn kò sì fi lé ọ lọ́wọ́ nítorí ìyẹn. Ṣe orúkọ àti iye tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ipò data analyst, ẹni tó ń ṣàlàyé ohun tí dátà ń sọ, ló kọ́kọ́ yọjú, gbà á. Ọ̀pọ̀ wa gba ibẹ̀ wọlé.

Kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ṣe ẹ̀dà database náà, kí o sì fi kóòdù tuntun rẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kí o mọ̀ọ́mọ̀ pa á lágbedeméjì lẹ́ẹ̀kan. Àpapọ̀ owó kò gbọdọ̀ yí padà. Láti rí rìsíìtì tó wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lo GROUP BY ẹ̀ka àti rìsíìtì pẹ̀lú HAVING COUNT(*) > 1, tẹ gbogbo èyí tó bá jáde sórí ìwé, kí o gbé e lọ bá akápò, kí ẹ jọ fi wé ìdí rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kó buwọ́ lù ú kí o tó pa ìlà kankan rẹ́.