Ẹ Bi Wá: Fíìmù ìgbàsókè ò jẹ́ kọ́mọ mi sùn mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, wọ́n fi fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà họlidé, A Thief in the Night lorúkọ ẹ̀, ó dá lórí ìgbàsókè, pé Jésù á gba àwọn onígbàgbọ́ lọ sọ́run lójijì. Látọjọ́ náà kì í dá sùn mọ́. Kí n kàn jáde lọ sá aṣọ báyìí, á ti máa pariwo "Mọ́mì! Mọ́mì!" Bàbá ẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n. Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù yẹn ló wà nínú Bíbélì ni, kí sì ni kí n ṣe fọ́mọ yìí? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Mọ́mì wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti ṣèmi náà rí. Mi ò ju ọmọ ọdún 10 lọ nígbà tí wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n fi fíìmù yìí kan náà hàn wá. Lọ́jọ́ kejì mo ti iléèwé dé, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, ìró màámi wà lórí àga, kò séèyàn. Háà! Mo ní ó parí, wọ́n ti gba màámi sókè, ẹran méjì tí mo jí jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni ò jẹ́ kí n bá wọn lọ. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àfìgbà tí màámi sáré jáde ní balùwẹ̀ tọṣẹ-tọṣẹ, wọ́n ní "ta ló lù ẹ́?"

Bí wọ́n sì ṣe ṣe fíìmù ọ̀hún gan-an nìyẹn. Ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, ni Donald Thompson àti Russell Doughten ti ṣe é, ó jáde ní 1972, owó tí wọ́n ní wọ́n fi ṣe é ò ju nǹkan bíi 68,000 dọ́là lọ, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rówó bọ́ǹbù àti áńgẹ́lì tó ń fò? Obìnrin kan kàn jí láàárọ̀ ni, rédíò ń sọ pé àwọn èèyàn ti pòórá, ó wọ balùwẹ̀, ó bá ẹ̀rọ tọ́kọ ẹ̀ fi ń fá irùngbọ̀n tó ṣì ń kùn nínú síǹkì, ọkọ ò sí ńbẹ̀. Ó tán. Ohun tó wà nílé gbogbo wa ni wọ́n fi dẹ́rù bà wá. Left Behind, fíìmù ìgbàsókè mìíràn tí Nicolas Cage kópa nínú ẹ̀ ní 2014, pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú àti gbogbo owó tí wọ́n ná sí i, oorun ló kùn mí, kí n má parọ́.

Ti Bíbélì, "olè lóru" wà ní 1 Tẹsalóníkà 5:2, pé a ó gbà wá sókè nínú ìkùukùu wà ní 4:17. Àmọ́ ti pé onígbàgbọ́ á kọ́kọ́ pòórá kí ìpọ́njú ọdún méje tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó yẹn, oníwàásù kan, John Nelson Darby, ló tan án kálẹ̀ láyé 1830 síwájú, Bíbélì alálàyé tí Scofield ṣe ní 1909 ló wá gbé e wọ gbogbo Amẹ́ríkà, Kátólíìkì ò fi kọ́ni rárá. Ẹ̀rọ ìbẹ́rí tó wà nínú àwọn fíìmù tó tẹ̀lé A Thief in the Night ńkọ́? Ìfihàn 20:4 ní wọ́n bẹ́ àwọn kan lórí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn, onífíìmù ló rà á.

Kí dádì má bínú, kì í ṣe Olúwa lọmọ yín ń bẹ̀rù, ẹ̀rù pé ìyá òun ò sí nílé ló ń bà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde ní yàrá ẹ sọ fún un, tó bá pè yín ẹ tètè dáhùn. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fún un ní fóònù, kó máa ká ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sílẹ̀, kó dá fídíò dúró, kí ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ kó kúrò ńbẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́ padà, láìmira o. Tí wọ́n bá wò ó, ẹ̀gbọ́n ti pòórá, ó ku bàtà! Ẹ máa wò ó bó ṣe máa rẹ́rìn-ín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni NIN ni 666? – Awakọ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá o, bọ̀dá. Láyé ọjọ́un wọ́n ní bákódù ni, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ní abẹ́rẹ́ kòrónà ni. Ọwọ́ ọ̀tún tàbí iwájú orí ni Ìfihàn 13 sọ pé àmì ẹranko náà, tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 666, máa wà, jíjọ́sìn fún ẹranko náà ló sì so ó mọ́. Kò sẹ́ni tó ní ká forí balẹ̀ fún NIN, àfi ìlà gígùn tí wọ́n ń mú wa tò. Ẹ lọ gbà á, kí wọ́n má baà ti síìmù yín pa.