Ọmọ mi ò kẹ́yìn, kò sì ṣe ipò kìíní: kí ni ká ṣe sí i?

Ìbéèrè

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa níbí la ń gbé, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, èmi ń ta aṣọ ọmọdé. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Àkọ́bí wa, obìnrin ni, látìgbà tó ti wà ní nọ́sìrì kò kọjá ipò kẹta rí, ó ti wọ yunifásítì báyìí. Èkejì ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 13, JSS 3 ló wà. Kì í ṣe ìpáǹle, kì í jà, ó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì ẹ̀ déédéé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ripọ́ọ̀tù ẹ̀, 52, 58, 61, 49, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí ṣáá. Tọ́ọ̀mù tó kọjá ó ṣe ipò 17 nínú ọmọ 36. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ rárá, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ obìnrin ń ṣe é, kí ló dé tí òun tó jẹ́ ọkùnrin ò lè ṣe é, ó ti le débi pé wọ́n ń pè é ní olódo lójú àlejò. A gba tíṣà lẹ́sìn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà àbọ̀, Sátidé gan-an ò yọ sílẹ̀, ọmọ ò kúrò lójú kan. Àbúrò ọkọ mi ní ká má da ara wa láàmú, tó bá di WAEC ká wá special centre fún un, ibi tí wọ́n ti ń fi màgòmágó bá ọmọ ṣe ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kò sọ́mọ tí ò lẹ́bùn, ká wá tiẹ̀ rí, a mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, a ra kíbọ́ọ̀dù, kò fakọ yọ níbẹ̀ náà. Àǹtí, ẹ gbà mí o.
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kubwa

Ìdáhùn

Màmá wa, ẹ kú àròjinlẹ̀ ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "olódo" yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ọmọ tó ṣe ipò 17 nínú 36, ọmọ 19 ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Àárín ló wà, àárín yẹn náà sì lèrò pọ̀ sí jù. Ẹ wo èsì JAMB tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2025, kó tó di pé àwọn kan lọ tún tiwọn ṣe: èsì 1,955,069 ló jáde, 400 ni gbogbo máàkì ẹ̀, àwọn tó gba 300 sókè ò tó 13,000 káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó wà láàárín 160 sí 199 nìkan jẹ́ 983,187, ìyẹn ju ìdajì lọ. Ṣé gbogbo àwọn yẹn náà lolódo ni? Ọmọ èèyàn ni wọ́n, bàbá àti ìyá wọn wà nílé tí wọ́n ń ro ohun tí ẹ̀yin náà ń rò.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá o, mi ò sì ní bú ọkọ yín. Àwa Yorùbá, ojú wa ló ṣe nígbà tí ìwé gbé ọmọ àgbẹ̀ dìde, látìgbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ilé tí ọmọ kan bá ti kàwé, òun ló máa ń fa àwọn yòókù sókè. Àwa tá a wà l'Abuja ńbí gan-an, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò l'Ékòó ní December 1991, sáẹ̀tífíkéètì ló kó ọ̀pọ̀ bàbá wá síbí, òun ló gba ilé fún wọn, òun ló ń san owó sùkúù títí dòní. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ló gbà á kalẹ̀, tó bá rí 49 nínú ripọ́ọ̀tù ọmọ ẹ̀, àyà á já. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ká má fi ìjáyà tiwa pa ọmọ lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ yẹn pé "ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ obìnrin", ọmọ méjì ló ń dá lọ́gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ fún ọkùnrin pé kò tó ọkùnrin, ó ń sọ fún obìnrin pé ìyanu ni pé orí òun pé. Ẹ bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ, kì í sì í ṣe lálẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú gósíló Kubwa Expressway dé tí ebi ń pa wọ́n. Ẹ dúró dìgbà tí ara bá tù wọ́n.

Ti ọ̀rẹ́ yín, inú rere ló fi sọ̀rọ̀, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Èrò kan náà ni tòun àti ti bàbá, pé dandan ni kí ọmọ yọrí níbì kan kó tó níyì nílé, tí kì í bá ṣe ìwé kó jẹ́ bọ́ọ̀lù, tí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù kó jẹ́ dùùrù. Tí kò bá wá yọrí ńbì kankan ńkọ́? Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yín ní láàbù ọsibítù, tó kọ orúkọ yín sára ìgò tí kò ṣì í kọ, ẹni tó ń kọ ìwé owó ṣọ́ọ̀ṣì yín tí kọ́bọ̀ kan ò fi sọnù láti ọdún yìí wá, èèyàn lásán tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ ni, irú wọn ló sì gbé ìlú yìí dúró. Ọmọ yín ń ṣe asáínmẹ́ǹtì ẹ̀ déédéé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ kàn sáré gba orí ẹ̀ kọjá ni. Ọmọ ọdún 13 tí ò sẹ́ni tó ń lé e tó ń jókòó ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ ti yìn ín fún un rí?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ máàkì, torí mi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ wá ọjọ́ kan tí tíṣà lẹ́sìn ò ní wá, ẹ̀yin tàbí bàbá ẹ̀ (yóò tiẹ̀ dáa tó bá jẹ́ bàbá), ẹ jókòó tì í, ẹ má gbé pàṣán sítòsí, ẹ kọ 3/4 + 2/5 síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó ṣe é, kó sì máa sọ ohun tó ń ṣe sókè bó ṣe ń ṣe é. Tó bá kọ 23/20, ó dáa, ẹ lọ síwájú. Tó bá kọ 5/9, tó kàn ro tòkè pọ̀ mọ́ tòkè, tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ ti rí nǹkan tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn. Àìsàn ẹ̀ kì í ṣe ti JSS 3, prámárì ló ti wá, ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń kọ́ fraction tí kò yé e, kíláàsì lọ ó fi í sílẹ̀, látìgbà náà ló ti ń há a sórí. Algebra tí tíṣà lẹ́sìn ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ yẹn kún fún fraction, kò lè yé e títí láé àyàfi tí wọ́n bá padà lọ síbi tó já sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fún un ní ojú ewé kan nínú ìwé tó ń kà ní sùkúù kó kà á sókè, kó wá sọ ohun tó kà fún yín ní Yorùbá. Tó bá ń kà á geere tí kò lè sọ ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún tíṣà.

Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ní ọsibítù. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, àmọ́ ọmọ tó jókòó sẹ́yìn tí kò rí bọ́ọ̀dù dáadáa kì í mọ̀ pé òun ò rí i, ó rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn, nóòtì ẹnìkejì ẹ̀ ló máa ń dà kọ pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe inú ẹ̀.

Lẹ́sìn yẹn ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Ọmọ tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń ti sùkúù bọ́ sí lẹ́sìn, tó ń ti lẹ́sìn bọ́ sí asáínmẹ́ǹtì, ìgbà wo ló fẹ́ sùn? Oorun ni ohun tó kọ́ fi ń dúró lágbárí ọmọ. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kó jẹ́ orí ohun tí ò yé e ni wọ́n máa wà, kì í ṣe kí wọ́n tún nóòtì sùkúù kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ń dá kàwé, kó má kàn máa ka ojú ewé kan náà láàkàtúnkà, kó kà á, kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, tó bá dọjọ́ kẹta ẹ tún bi í. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá ó yé e lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá máa fi máàkì ẹ̀ wé nǹkan, ti tọ́ọ̀mù tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi wé, tí 49 bá di 55 kẹ́ ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn fún un.

Special centre, rárá o. Mo ń bẹ yín pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ní. Òfin tó lòdì sí màgòmágó ìdánwò ti wà nílẹ̀ láti 1999, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀, WAEC sì máa ń fagi lé èsì sẹ́ńtà kan lódidi tí ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é á bá wọn lọ sí i. Ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mú yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó yẹn lẹ ti fẹnu ara yín sọ fún ọmọ pé ẹ ò gbà gbọ́ pé ó lè dá nǹkan ṣe láyé ẹ̀, kò sì ní gbàgbé. C6 tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbà, kírẹ́dìtì ni, márùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Ní 2025, 150 ni JAMB fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, 140 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, sùkúù kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ọ̀sì bíi medicine á sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ ilẹ̀kùn ò tì mọ́ ọmọ àárín. Tó bá fẹ́ wọ SS 1, ẹ má fipá tì í sí science nítorí káwọn èèyàn lè pè yín ní ìyá dókítà, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sabon Gari ní Kano ni mo wà, bàbá mi ló kó wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 18, ó ní kírẹ́dìtì márùn-ún, JAMB ẹ̀ àkọ́kọ́ 151, èkejì 148. Ó lóun fẹ́ lọ ka accounting ní pólì. Ìyá mi ní lójú àwọn, kò sí ọmọ ọmọ àwọn tó máa lọ sí pólì, kó jókòó kó tún JAMB ṣe. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Kano

Ìdáhùn

Bàbá wa, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó mọ ohun tó fẹ́, ó mọ ibi tí agbára ẹ̀ dé, èyí tó pọ̀ nínú àwọn àgbà gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n. ND tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì, ọdún méjì ni, á lọ ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, ọdún kan, HND tó tẹ̀ lé ND, ọdún méjì, HND á sì jẹ́ kó lọ sin ilẹ̀ bàbá ẹ̀ bíi ti ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó jáde ní yunifásítì. Tí yunifásítì bá ṣì ń wù ú lẹ́yìn ND, tí èsì ẹ̀ sì dáa, Direct Entry wà, kíláàsì ọdún kejì ló máa bọ́ sí.

Màmá ńkọ́? Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, kó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kà fún wọn, kó ní kí wọ́n wúre fún òun. Ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ ẹ̀ bá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ ní kó wúre, ṣàṣà ni èyí tó máa kọ̀. Tó bá ti wọlé tán, ẹ ní kó béèrè nípa ìdánwò ATS tí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, ń ṣe, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò bá wà nínú kírẹ́dìtì tó ní yẹn, ó ti tó fi bẹ̀rẹ̀, ó lè máa ṣe é lọ pẹ̀lú ND ẹ̀.