Ṣé ata rodo lè jó èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ata rodo ìnáwó kan ni mo bá wọn gé lọ́jọ́ Sátidé, àtìgbà yẹn ni ọwọ́ ti ń ta mí bíi pé mo tì í bọ iná. Mo fi omi fọ̀ ọ́ títí, pàbó. Ṣùgbọ́n tí mo bá wò ó, kò bó, kò sì wú. Kí lèyí? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ọwọ́ yín ò jóná rárá, irọ́ ni wọ́n lọ pa fún ọpọlọ yín. Inú agbárí ni ọpọlọ wà, kò fojú ara ẹ̀ rí nǹkan kan, ohun tí àwọn nẹ́fù, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara, bá wá sọ fún un náà ló máa gbà. Ní orí àwọn nẹ́fù tó wà lábẹ́ awọ ara wa, ilẹ̀kùn tíntìntín kan wà tó jẹ́ pé tí nǹkan bá ti gbóná tó bíi 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń ṣí (ara wa fúnra ẹ̀, bíi 37 ni), tó bá sì ti ṣí, ìròyìn á gba ojú nẹ́fù wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, á gbabẹ̀ dé ọpọlọ, ọpọlọ á pariwo pé iná dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé capsaicin, kẹ́míkà tó ń mú ata ta yẹn, òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yìí láìsí iná kankan.

David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló rí ilẹ̀kùn ọ̀hún lọ́dún 1997, ata ni wọ́n sì fi wá a o! Nígbà tó di 2021, wọ́n fún òun àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, Ardem Patapoutian, ní ẹ̀bùn Nobel. Àwọn ẹyẹ náà nírú ilẹ̀kùn yìí, àmọ́ ata ò lè ṣí tiwọn, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń ṣa ata wẹẹrẹ jẹ bí ẹni ń jẹ àgbàdo.

Ní ti omi tẹ́ ẹ ń dà sí i, capsaicin kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ yẹn dáadáa, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pàápàá abẹ́ èékánná. Tó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ má dán òróró wò níbẹ̀ o, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, tí kò bá rọlẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kátá mú mi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀fọ́ rírò tí ìyàwó mi sè ò dùn lẹ́nu mi rárá, bí ẹni ń jẹ bébà. Àmọ́ ata ẹ̀ ń ta mí gan-an! Ṣé ahọ́n mi ló ti bàjẹ́ ni? (Bọ̀dá Múfú, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ahọ́n yín ò ṣe nǹkan kan, kẹ́ ẹ má lọ bá ìyàwó jà. Ahọ́n ò mọ̀ ju adùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò àti irú adùn tí ẹran àti magí máa ń ní yẹn. Gbogbo èyí tó kù, òórùn irú, òórùn epo, ẹja gbígbẹ, imú ló ń bá wa gbọ́ ọ, torí bá a ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni òórùn ẹ̀ ń gba ọ̀fun gòkè lọ síbi tí nẹ́fù òórùn wà lókè imú. Kátá ti dí ọ̀nà yẹn. Ata ní tiẹ̀ kì í gba ti òórùn rárá, nẹ́fù tó ń gbé ìrora ojú àti ẹnu ló ń gbà, ìyẹn sì wà ní ṣíṣí. Ẹ fún imú yín pa kẹ́ ẹ fi súìtì sẹ́nu lọ́jọ́ tí ara yín bá yá, ẹ ó rí i pé ṣúgà nìkan lẹ máa gbọ́, àfi tẹ́ ẹ bá tú imú sílẹ̀.

Tí kátá bá lọ tán tí ẹ ò sì tíì gbọ́ òórùn, ẹ lọ rí dókítà, torí ẹni tí kò gbọ́ òórùn ò lè mọ̀ tí gáàsì bá ń jò ní kíṣìnnì.