Ẹ má tíì kó àwọn ọmọ ológbò yẹn o

Ẹ ní ẹ bá ọmọ ológbò mẹ́rin lẹ́yìn ilé, ojú wọn ò tíì là, ẹ ò sì rí ìyá wọn. Ìyá lè lọ wá oúnjẹ fún wákàtí mélòó kan, kò sì ní padà tí ẹ bá dúró tì wọ́n. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ yí wọn ká, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti wá nìyẹn. Ìyá yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi oúnjẹ tàn mú. Àwọn ọmọ ò lè sá lọ síbì kankan.

Tí kò bá wá, tí ara wọn sì tutù, ẹ má tíì fún wọn ní wàrà títí ara wọn yóò fi móoru. Oúnjẹ kì í dà nínú ọmọ tí òtútù ti mú. Ẹ fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí tí ẹ kó wọn sí, kí wọ́n lè sún kúrò tí ooru bá pọ̀ jù. Wàrà màlúù a máa fa ìgbẹ́ gbuuru. Wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò ni kí ẹ rà lọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì máa fún wọn ní wákàtí 2 sí 3 síra wọn, tòru tọ̀sán. Kí ọmọ dojú bolẹ̀ mu ún o! Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, wàrà lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ojú ara rẹ̀ títí yóò fi tọ̀. Kò tíì lè dá a ṣe. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́: tí kò bá fi bíi gíráàmù 10 kún, ẹ gbé e lọ bá dókítà.